Etí Ló Ń Ṣiṣẹ́, Ohùn Ló Ń Gbowó

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ohùn máa ń gbé wá bá mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú màíìkì wo lẹ̀ ń lò?" Wọ́n á ti wo fídíò oríṣiríṣi lórí YouTube, wọ́n á ti mọ orúkọ èyí tó lè kó owó oṣù mẹ́fà èèyàn lọ. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ra pẹ́ńsù àti headphone tó bo etí dáadáa, ojú wọn á fà ro. Wọ́n á rò pé mò ń fi nǹkan pa mọ́ fún wọn ni. N ò fi nǹkan kan pa mọ́. Láti ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń fi ohùn jẹun, nínú ìpolówó ọjà, eré orí rédíò, ìkéde ìlera, ìwé àfetígbọ́ àti fídíò tí wọ́n ń yí sí Yorùbá, ohun kan ló yé mi jù: ohùn ni oníbàárà ń sanwó fún, ṣùgbọ́n etí ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Gbogbo irinṣẹ́ tó bá mi kalẹ́ àti gbogbo àṣà tí n kò lè jáwọ́ nínú rẹ̀, nǹkan kan náà ni wọ́n wà fún: kí n lè gbọ́ ara mi kí ẹlòmíràn tó gbọ́ mi.

Irú ẹ̀kọ́ báyìí kò ṣàjèjì ní Ìbàdàn. Ní 1939 ni wọ́n na wáyà rédíò wọ ìlú yìí, tí àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ àwọn tó rówó rẹ̀ san. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ṣí WNTV níbí, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Adébáyọ̀ Fálétí wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Láńrewájú Adépọ̀jù, ẹni tó dolóògbé ní oṣù kejìlá 2023, fi ewì orí rédíò hàn wá bí ohùn ẹnì kan ṣoṣo ṣe lè mú kí odindi agbo ilé pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rédíò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ṣẹ́. Ká tó gbọ́ orúkọ rédíò pàápàá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ oníjàálá ṣe ń ṣe: á tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ ròde, á máa gbọ́, á máa gbè é, ó máa pẹ́ kí wọ́n tó yọ̀ǹda fún un láti dá sun tirẹ̀. Etí ló ń kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí, ẹnu ń tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá ti orí pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ìwé ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ mi, díẹ̀ ló sì ń ní àmì ohùn lórí. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn, kò rí ìdí tó fi yẹ kó tún máa fi àmì sí i. N kì í kà á lójú fóònù. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí àyè wà láàárín ìlà kan sí èkejì, n ó sì jókòó tì í. Nígbà àkọ́kọ́, mo kà á sínú: mò ń wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà kejì, mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè gba ọ̀nà méjì lọ. Nígbà kẹta, mo fa ìlà kékeré síbi tí n ó ti mí. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá fi pẹ́ńsù yí gbogbo òǹkà po, nítorí òǹkà ló ń mú àwọn tuntun kọsẹ̀ jù. Kíkọ ₦2,750 kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí yóò pè é ló gbọ́dọ̀ ti mọ̀, kí iná pupa orí ẹ̀rọ tó tàn, bóyá ẹgbẹ̀rún méjì náírà ó lé àádọ́ta lé lẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin ni yóò pè, tàbí kó bá oníbàárà sọ ọ́ kí wọ́n jẹ́ kó pè é bí àwọn èèyàn ṣe ń pè é lọ́jà. Nọ́ńbà fóònù ní tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń pè é, lédè Gẹ̀ẹ́sì, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gbọ́ rédíò yóò ṣe tẹ̀ ẹ́.

Àkókò náà tún wà níbẹ̀. Ìpolówó tí wọ́n fún ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà wọ inú ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹni tí kò bá fi aago fóònù wọ̀n ọ́n kó tó dé iwájú gbohùngbohùn yóò máa sáré ka ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí a bá sì sáré kà, kì í wọ ẹnikẹ́ni létí. Mo máa ń kà á síta bí n ó ṣe kà á gan-an, n ó wo aago, n ó sì pe oníbàárà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé: "Gbólóhùn méjì ló máa kúrò níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa yàn án." Ó sàn kí wọ́n yàn án nínú ọ́fíìsì ju kí a máa bá ara wa fà á nígbà tí owó situdíò ń lọ.

Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é rèé. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ohùn sókè níparí gbólóhùn kó fi bèèrè ọ̀rọ̀, ó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó fi kẹ́dùn, ọ̀rọ̀ náà kò ní torí ẹ̀ di òmíràn. Nínú Yorùbá, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti níṣẹ́ lọ́wọ́ kí inú tó bí wa tàbí kó dùn. Olùdarí kan lè jókòó sí Èkó kó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ẹ gbé e sókè díẹ̀ níparí, mà, kó lè dùn." Ká sọ pé ìpolówó epo ẹ́ńjìnnì ni, tí gbólóhùn rẹ̀ sì jẹ́ "Ẹ tọ́jú ọkọ̀ yín." Bí mo bá gbé e bó ṣe fẹ́, "Ẹ tọ́jú ọkọ yín" ni gbogbo ìlú yóò gbọ́. Oníbàárà á ti fi owó epo gba àwọn ìyàwó ilé níyànjú.

Kí ni ká wá ṣe sí ìmọ̀lára? Ohun mìíràn la fi ń gbé e: ìyára, ìdákẹ́jẹ́, èémí, agbára àti ẹ̀rín. Bí inú ẹni tí mò ń ṣe bá ń dùn, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jọ gòkè, tí àyè àárín wọn yóò sì fẹ̀. Bó bá ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n á jọ sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sún mọ́ra. Òkè ṣì ga ju àárín lọ, àárín ṣì ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n dúró sí ló yí padà. Ẹ̀rín ní tirẹ̀ kò fọwọ́ kan àmì kankan. Bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín músẹ́ lóòótọ́, ètè á fà sẹ́yìn, ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde á kúrú, ohùn náà á sì mọ́lẹ̀ kedere, ìdí nìyẹn tí etí fi ń mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láìrí i. Nítorí náà, bí olùdarí bá ní kí n gbé e sókè, n kì í bá a jiyàn. Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń tún un kà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń wá náà nìyẹn.

Àwa ọmọ Ìbàdàn sì tún ní tiwa. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé iṣu lè di isu, kí ṣé di sé, lẹ́nu àwọn àgbà Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ. Wọ́n fi ń ṣe wá yẹ̀yẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, owó ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ń ṣe ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan tó ń bá oníbàárà jiyàn nídìí igbá rẹ̀ lábẹ́ òkè Mápó, s yẹn ni mo máa ń gbé jáde, ẹni tó bá sì mọ ìlú yìí yóò mọ ilé tí obìnrin náà ti wá. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá gbé iṣẹ́ wá tí wọ́n fẹ́ kó dé Àkúrẹ́, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin, ṣ mi gbọ́dọ̀ pé. Mo ní ojú ewé kan tó kún fún ọ̀rọ̀ tó ní ṣ àti s lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo máa ń kà á síta láàárọ̀ kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo tún ṣe gbólóhùn kan fúnra mi fún gb: "Gbénga gbé igba igbá gba inú igbó Ìgbájọ." Ẹ kà á jẹ́jẹ́, kí ohùn orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé, lẹ́yìn náà kí ẹ yára. Ọjọ́ tí ahọ́n bá ṣì wúwo, orí igba igbá ló máa ń hàn.

Ìwé Fágúnwà ni mo fi ń kọ́ èémí. Láti 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, síbẹ̀ n kò tíì rí ìwé tó ń dán ẹ̀dọ̀fóró wò bíi tirẹ̀: gbólóhùn á gùn, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, kó tó gúnlẹ̀. Ẹni tó bá lè ka ojú ewé kan níbẹ̀ láìjẹ́ kí a gbọ́ ibi tó ti ń mí, kò sí ìpolówó tí yóò já a láyà. Bí èmi ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń wá ibi tí ìtumọ̀ ti sinmi, ibẹ̀ ni n ó ti mí, kódà bí èémí mi kò bá tíì tán. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí èémí tán yóò mí níbi tí kò yẹ, olùgbọ́ á sì mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ní ti ara, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń sọ nígboro, àmọ́ díẹ̀ ló wúlò. Nínú gògóńgò ni tán-án-ná ohùn wà, awẹ́ ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó ń gbọ̀n bí èémí bá ń gba àárín wọn kọjá: bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀, bí ìgbà 200 fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ohun tó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ gbígbẹ. Àmọ́ omi tí a mu kì í kan tán-án-ná rárá. Ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà lọ, bó bá sì gba ọ̀nà èémí, ikọ́ ni yóò dà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni omi ń gbà kó tó dé ibẹ̀, ìyẹn sì ń gba àkókò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ife tó ń gbé lé ẹ̀gbẹ́ màíìkì, ẹnu lásán ló ń rin. Nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo ìlú ń là, mo máa ń bu omi gbígbóná sínú abọ́, n ó da aṣọ bo orí, n ó sì máa fa ooru rẹ̀ símú díẹ̀díẹ̀. Ooru yẹn ní tirẹ̀ ń dé ibi tí omi kò dé.

Orógbó ńkọ́? Wọ́n máa ń bi mí. Àwọn àgbà eléwì àti oníjàálá jẹ ẹ́, n kò ní bá wọn du ohun tí wọ́n mọ̀. Èmi náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ ni. Bí mo bá jẹ ẹ́ ṣáájú, ó ń fún ẹnu mi pọ̀, èérún rẹ̀ a sì há sí eyín. Màíìkì tó dára kì í gbójú fo nǹkan kan. Ó ń gbọ́ ìró itọ́ nínú ẹnu gbígbẹ, ó ń gbọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ó ń gbọ́ ikùn tó ń kùn. Ẹni tí ebi ń pa kò gbọdọ̀ wọ situdíò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì kúnkún kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, nítorí inú tó kún kì í fún èémí láyè, ata á sì máa gòkè padà sọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín, ní bíi wákàtí méjì ṣáájú, ti tó mi. Málítì àti ohun mímu tó ń hó, ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí.

Àṣà méjì ni mo ń bá àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jà lé lórí. Àkọ́kọ́ ni híhá ọ̀fun "hẹ́ẹ̀mù!" kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ṣe ni tán-án-ná méjèèjì ń lu ara wọn níbẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mìíràn á tún jáde láti bò wọ́n, wọ́n á tún há a. Mímu omi díẹ̀ tàbí gbígbé itọ́ mì sàn jù ú lọ. Èkejì ni sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ohùn bá há. Kì í ṣe ìsinmi fún un. Dídákẹ́ ni ìsinmi. Bí ohùn bá há tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àgbo àti oyin. Àwa tí a wà ní Yemẹtu kò ní àwáwí, ọ̀nà wa kò jìn sí ilé ìwòsàn UCH, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun níbẹ̀, tí dókítà lè fi ẹ̀rọ wo tán-án-ná fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò fara jọ èyí tí wọ́n ń fi hàn lórí YouTube. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ tó ń gbé aláboyún bọ̀ kì í yé fọn fèrè. Ọlọ́kadà ń kọjá, ẹ̀rọ ata ń lọ, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń polówó. Àmọ́ ilé àtijọ́ alámọ̀ ni ilé wa, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ ni; ògiri rẹ̀ nípọn, ó ń dá ariwo ìta dúró ju ọ̀pọ̀ ilé búlọ́ọ̀kù tuntun lọ. Òrùlé páànù ni ọ̀tá. Bí òjò bá ti ṣú, mo ti mọ̀ pé ó di ìgbà mìíràn.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà tí àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀: ariwo tó ń ti ìta wọlé, àti ohùn tìrẹ tó ń lu ògiri tó sì ń padà wá bá ọ. Nǹkan wíwúwo ló ń dá ti àkọ́kọ́ dúró. Nǹkan rírọ̀ ló ń gbé èkejì mì. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń lẹ kéréètì ẹyin mọ́ ògiri, wọ́n á ní àwọn ti kọ́ situdíò. Kéréètì ẹyin kò wúwo, kò sì rọ̀ tó, kò ṣe iṣẹ́ kankan nínú méjèèjì tó nítumọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi ló ń ṣe é fún mi. Mo ṣí i sílẹ̀, aṣọ òkè, àdìrẹ àti àńkárá tí mo ti fi ṣe ayẹyẹ láti ọdún gbọọrọ wà níwájú mi, fóòmù ibùsùn ló fara ti ògiri lẹ́yìn mi. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá yàrá rẹ̀ dára pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Bí àtẹ́wọ́ náà bá fi ìró sílẹ̀ lẹ́yìn, aṣọ kò tíì tó.

Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní àdúgbò wa gbọ́dọ̀ mọ àkókò ìrun bí ìmáàmù ṣe mọ̀ ọ́n. Àárín ìṣáì sí àsùbáà ló dára jù, àkókò náà sì ń yí díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ṣe ń yí. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ àwọn aládùúgbò. Bí iṣẹ́ kánjúkánjú bá dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá tó ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú." Wọ́n á ní, "Iṣẹ́ rédíò yẹn tún ti dé?" Wọ́n á pa á. Bí ọdún bá dé, ilé wọn ni abọ́ oúnjẹ mi máa ń kọ́kọ́ dé. Kò sí fóòmù kankan tí wọ́n ń tà ní Ìbàdàn tó lè ṣe ohun tí ìkúnlẹ̀ yẹn ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò gùn. Mo máa ń la ọwọ́ mi, kí àtàǹpàkò wà létè, kí ìka ọmọdinrin wà lára màíìkì. Ìwọ̀n yẹn ni mo fi ń jìnnà sí i. N kì í sọ̀rọ̀ tààrà sí i lójú, mo máa ń yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí f àti híhó s má bàa lù ú. Mo fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ìró rẹ̀ máa ń wọnú wáyà kó tó dún rárá. Audacity, tí wọ́n ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2000, tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ fídíò, 48,000 Hz ni mo máa ń gbé ìwọ̀n ohùn sí. Bó bá jẹ́ ìwé àfetígbọ́, 44,100. Àwọn ACX tó ń gba ìwé àfetígbọ́ fún Audible kò fẹ́ kí ohùn tó ga jù kọjá -3 dB, wọn kò sì fẹ́ kí ariwo abẹ́lẹ̀ ju -60 dB lọ. -60 yẹn, ní Yemẹtu, òru ló ń fúnni. Kí n tó pa ẹ̀rọ, mo máa ń gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹni tí yóò ṣàtúnṣe lè rí nǹkan fi dí ibi tó bá gé. Headphone ló sì ń sọ òótọ́ fún mi. Ohùn tí a ń gbọ́ nínú orí ara wa, egungun ló ń gbé apá kan rẹ̀ dé etí. Kì í ṣe ohun tí aráyé ń gbọ́. Ẹni tí kò bá tíì fara mọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí nínú headphone kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé àkọsílẹ̀ kan tí mo kọ àwọn èèyàn sí. Kì í ṣe orúkọ wọn. Ohun tí mo máa ń kọ ni ibi tí ohùn wọn jókòó sí, bóyá àyà, imú tàbí ọ̀fun. Bí wọ́n ṣe ń yára. Ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó dáhùn. Ẹni tí mo gbọ́ nínú mọ́tò tó ń lọ sí Bẹyẹrunkà, tó máa ń tún ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ sọ kó tó sọ tirẹ̀, ti di bàbá onílé nínú eré méjì. Gbénga Adébóyè, apanilẹ́rìn-ín orí rédíò tó jáde láyé ní 2003, ni àwòkọ́ṣe mi lórí èyí. Òun nìkan ló máa ń dá oríṣiríṣi èèyàn ṣe, tí èèyàn á sì fẹ́ búra pé ilé kún. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: kì í ṣe ohùn nìkan ló ń yí padà. Èrò ẹni náà, ìyára rẹ̀ àti ohun tó ń dùn ún náà ń yí. Bí mo bá ti rí ohùn tí n ó lò fún ẹnì kan nínú eré, mo máa ń gba gbólóhùn kan sílẹ̀ sórí fóònù ní ohùn náà. Oṣù púpọ̀ lè kọjá kí wọ́n tó pè mí padà fún apá kejì, gbólóhùn yẹn ni yóò sì dá mi padà síbi tí mo ti fi ẹni náà sílẹ̀.

Ìwé tó kẹ́yìn ni ìwé àdéhùn, etí náà la fi ń kà á. Kí n tó gba iṣẹ́, mo máa ń bèèrè ibi tí wọ́n máa lo ohùn náà, bó ṣe máa pẹ́ tó, iye ìgbà tí n ó tún un ṣe láìgba owó mìíràn, àti iye tí wọ́n máa san sílẹ̀. Ìbéèrè kan ti wá kún un báyìí: ṣé wọ́n máa fi ohùn mi kọ́ ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ náà lè máa sọ̀rọ̀ bíi tèmi? Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré SAG-AFTRA dá iṣẹ́ ohùn eré kọ̀ǹpútà dúró láti oṣù keje 2024 títí di ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ yìí gan-an sì ni ìjà náà dá lé. Níbí, òfin Copyright Act ti 2022, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ tó ṣe. Òfin kò ní bá ọ jókòó sórí WhatsApp kó máa bá ọ dúnàá-dúrà. Bí gbólóhùn kan nínú àdéhùn bá sọ pé wọ́n lè lo ohùn náà "fún ohunkóhun, títí ayé", mo máa ń ní kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi owó títí ayé san án. Ọ̀pọ̀ ń yọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá lò lọ́dọ̀ mi, n kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo máa ń rán an lọ sí Ọjà'ba pé kó jókòó ti oníṣòwò kan, kó má sọ̀rọ̀, kó padà wá sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Ọ̀pọ̀ wọn á padà wá sọ ohun tí wọ́n tà, iye tí wọ́n tà á àti ẹni tó bínú. Mo máa ń ní kí wọ́n padà lọ. Ẹni tó bá wá padà dé tó sọ fún mi pé, "Mà, ìyá yẹn kì í gbé ohùn sókè tó bá ń dárúkọ owó, ṣe ló máa ń fà á, èyí tó ń sáré sọ ni pé kò sí èrè kankan níbẹ̀," ẹni yẹn ti lè ṣiṣẹ́. Èmi fúnra mi ni n ó pe olùdarí fún un.